Ìyanu Tó Ju Jíjí Òkú Lọ

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Dumsor ti dé, wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo Nima títí dé Mamobi ní Accra níbí, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n tó máa gbà yín lọ́wọ́ mi lálẹ́ òní. Kí ẹnì kan bá mi fẹ́ èédú yẹn, kí omi kòkó lè tètè hó. Mo gbọ́ gbogbo iyàn tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ Àlájà jà lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án. Ẹ rò pé mo sùn ni. Àgbà kì í sùn tán. Èyí tó ń lọ sí ìjọ Baptist nínú yín ní Ọlọ́run ni Jésù, ó ní bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, báwo ló ṣe jí Lásárù tó ti ń rà? Èyí tó ń lọ sí ilé kéú dáhùn pé Ànábì Ísà jí òkú lóòótọ́, ṣùgbọ́n Allah ló yọ̀ǹda fún un. Ariwo sọ. Kò sí ẹni tó kíyè sí i nínú yín pé lórí òkú tó jí, ìjà kankan kò sí: ẹnu yín ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìtàn ìyanu alẹ́ òní ti bẹ̀rẹ̀.

Oníwàásù tó bá dúró láàárín ìlú tí gbogbo èrò ibẹ̀ ti jẹ́ Kristẹni lè sọ pé Jésù la ojú afọ́jú, nítorí náà Ọlọ́run ni, wọ́n á sì ti ṣe Àmín kó tó parí ọ̀rọ̀. Nima kọ́ nìyẹn. Fúlàní olówò màlúù kan, Alhaji Amadu Futa, ló tẹ àdúgbò yìí dó ní nǹkan bí ọdún 1931, lórí ilẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ ẹbí Odoi Kwao, àwọn Gà tó ni ilẹ̀. Nígbà ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pàgọ́ sí Accra, iṣẹ́ pọ̀, èrò sì ya wọ ibí: Hausa, Fúlàní, Kotokoli, Mọ́sí, Dagomba, àwa Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn. Ìpè àdúrà ló ń jí wa. Èdè Hausa ni a fi ń ná tòmátì lọ́jà. Nínú agboolé kan ṣoṣo, ẹ óò rí ará Ìlọrin tó ti lọ sí Mẹ́kà, ẹ óò rí ará Ogbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ díákónì, ẹ̀rọ omi kan náà ni wọ́n sì ń tò sí.

Bàbá tó bí mi lọ́mọ wá láti Ogbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí àti Bíbélì Yorùbá lábíyá. Irú wọn ló gbé ìjọ Baptist kiri ilẹ̀ yìí. Wọ́n ń ná ọjà ní Sekondi, ní Kumasi, ní Tamale, ibikíbi tí wọ́n bá sì ti rí yàrá tó gbà wọ́n ni wọ́n ti ń kọrin. Nígbà tí òfin Busia, olórí ìjọba Gánà ìgbà náà, jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ nínú ilé ìsìn wọ̀nyẹn ṣófo lójijì. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn, inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé Kristẹni tó bá ṣẹ́kù sí Nima kò lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà láàárín àwọn èèyàn tirẹ̀ nìkan. Ohun tó bá sọ, aládùúgbò rẹ̀ ń gbọ́, aládùúgbò náà sì ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ló wà nínú ìwé aládùúgbò náà? Kùránì sọ pé wúńdíá ló bí Ísà. Ó ní ó sọ̀rọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó fi amọ̀ mọ ẹyẹ, ó fẹ́ èémí sí i, ẹyẹ náà sì fò. Ó ní ó wo afọ́jú àti adẹ́tẹ̀ sàn, ó sì jí òkú. Ti ẹyẹ amọ̀ yẹn kò tilẹ̀ sí nínú Bíbélì tiwa! Bí Kristẹni bá wá fi iṣẹ́ ìyanu bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ló tún ń sọ fún wọn. Ẹ tún wo inú Bíbélì fúnra rẹ̀. Èlíjà jí ọmọ opó Sáréfátì. Èlíṣà jí ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù. Kódà lẹ́yìn tí Èlíṣà ti kú, òkú tí ara rẹ̀ kan egungun rẹ̀ dìde dúró. Mósè na ọ̀pá, òkun pín sí méjì. Ta ló wá kúnlẹ̀ fún Mósè? Ta ló kọ orin ìyìn sí Èlíjà bí ẹni ń kọ ọ́ sí Ọlọ́run? Kò sẹ́ni náà. Iṣẹ́ ìyanu ń fi hàn pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú ènìyàn. Láti ibẹ̀ dé ibi tí a ó ti sọ pé ènìyàn náà ni Ọlọ́run, ọ̀nà jìn.

Àwọn olùkọ́ ìjọ ti rí àlàfo yìí tipẹ́. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé àwọn wòlíì gbàdúrà, ọkùnrin ará Násárẹ́tì pàṣẹ. Èlíjà nà gbalaja lórí ọmọ opó nígbà mẹ́ta, ó ń ké pe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì dé sórí adágún Gálílì, tí omi ń wọ ọkọ̀, oorun ni ọkùnrin yìí ń sùn lórí ìrọ̀rí. Wọ́n jí i. Kò gbàdúrà. Ó bá ìjì wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí, ìjì sì dákẹ́. Sáàmù sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run ló ń mú ìjì òkun parọ́rọ́, nítorí náà àwọn apẹja inú ọkọ̀ náà mọ ohun tí wọ́n rí. Máàkù sọ pé lẹ́yìn tí omi rọlẹ̀ tán ni ẹ̀rù ńlá tó bà wọ́n.

Ìyá ilé mi, ìyá yín àgbà, ọmọ Ìlọrin, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, á sì rẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ṣé ẹ ka ti Lásárù yẹn dáadáa? Ṣebí òun náà gbójú sókè lẹ́nu ibojì, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó pàṣẹ?" Òótọ́ ni. Ó wà nínú Jòhánù orí kọkànlá. Obìnrin náà mọ Bíbélì mi ju díákónì mìíràn lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ń yà mí lẹ́nu ju ti Lásárù. Kápánáúmù ló ti ṣẹlẹ̀, ìlú apẹja létí adágún. Jésù wà nínú ilé, èrò kún yàrá, èrò kún ìta, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ yóò bọ́ sí. Ọkùnrin mẹ́rin gbé arọ kan dé. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, kò sí ọ̀nà. Ni wọ́n bá gun òrùlé. Kì í ṣe òrùlé páànù bíi tiwa o, amọ̀ àti igi ni. Wọ́n dá a lu! Erùpẹ̀ ń dà sórí láwàní àwọn àgbà tó jókòó nísàlẹ̀, onílé ń pariwo bóyá, ìwé kò sọ, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní ilé mi ni. Wọ́n fi okùn sọ arọ náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀ tòun ti ẹní. Gbogbo ojú ń retí ìwòsàn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé a dárí ẹ̀ṣẹ̀ arọ náà jì í. Kò tíì mẹ́nu kan ẹsẹ̀.

Àwọn akọ̀wé òfin tó jókòó níbẹ̀ gbọ́, inú wọn ru. Ta ni èyí? Ta ló lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan? Àwọn pásítọ̀ fẹ́ràn láti máa bú àwọn akọ̀wé yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ wò ó: ká ní Musa jẹ Kwame ní owó màlúù méjì. Èmi tí n kò tà, tí n kò rà, mo ń kọjá lọ, mo ní, "Musa, máa lọ sílé, mo ti fojú fo gbèsè rẹ." Ṣé Kwame kò ní bi mí bóyá orí mi pé? Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló lè fojú fò ó. Nígbà tí àwọn àgbà náà sì ń kùn, ọkùnrin yìí kò sọ fún wọn pé wọ́n ṣi òun gbọ́. Ó ní òun ní àṣẹ láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì láyé níbí, kí wọ́n sì lè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí arọ dìde kó ká ẹní rẹ̀. Arọ dìde. Nínú ìtàn yìí, ìwòsàn wá jẹ́rìí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fa wàhálà.

Láti inú irú ìtàn báyìí ni C. S. Lewis, olùkọ́ kan ní Oxford, ti fa àlàyé tí àwọn pásítọ̀ Accra ń tún sọ títí dòní. Orí rédíò BBC ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́ nígbà ogun Hitler kan náà, ó sì wà nínú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní 1952. Ó ní ẹni tó bá ń sọ irú nǹkan wọ̀nyí nípa ara rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: òpùrọ́ ni, tàbí wèrè ni, tàbí Olúwa ni. Pé kó kàn jẹ́ olùkọ́ rere lásán, kò sí nínú ohun tí a lè mú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì lágbára fún òyìnbó tó ń yin Jésù bí ẹni ń yin ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ gbé e wá sí Nima, kò ní rìn jìnnà. Ọ̀nà kẹrin wà tí gbogbo áfáà mọ̀: pé kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò pè é ní òpùrọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá bú Ísà níwájú áfáà, áfáà náà ni yóò kọ́kọ́ bá a wí. Wọ́n ní àwọn tó dé lẹ́yìn ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí rárá sọ ohun tó jọ ọ́. Bart Ehrman kọ odidi ìwé lórí rẹ̀ ní 2014, pé ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbé e dé ipò Ọlọ́run, òun kọ́ ló pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó sọ sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó bá a jẹun ṣe. Ẹ bá mi fi èédú sí i, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí.

Ṣé ẹ mọ irú ènìyàn tí Júù ìgbà yẹn jẹ́? Láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ni wọ́n ń jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run ọ̀kan ṣoṣo ni. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àti àwọn áfáà wa ìbá jọ jókòó lórí ẹní kan. Josephus, òpìtàn wọn, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Pílátù, Pílátù kan náà tó dá Jésù lẹ́jọ́, ní kí àwọn ọmọ ogun gbé àsíá tó ní àwòrán ọba Róòmù wọ Jerúsálẹ́mù lóru. Àwòrán lásán o! Àwọn Júù rọ́ lọ bá a ní Kesaríà, wọ́n dojú bolẹ̀ síwájú ilé rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tó ní kí ọmọ ogun yọ idà, wọ́n ṣí ọrùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní kó bẹ́ ẹ. Pílátù ló pa dà kó àsíá rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 40, Késárì tí wọ́n ń pè ní Kàlígúlà ní kí wọ́n gbé ère òun sínú tẹ́ḿpìlì. Gbogbo ilẹ̀ Júù dìde, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa àwọn tán pátá. Wọ́n gún Kàlígúlà pa ní Róòmù kí ère náà tó dé.

Pé ènìyàn kì í ṣe Ọlọ́run, ohun tí wọ́n ṣe tán láti kú lé lórí nìyẹn. Ó wá di pé láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an, nínú ọdún wọ̀nyẹn gan-an, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan nínú àdúrà, ẹni tí Róòmù ti kàn mọ́gi ní gbangba pẹ̀lú àwọn ọ̀daràn. Wọ́n mọ ìyá rẹ̀. Wọ́n mọ ìlú rẹ̀, ìlú kékeré tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti rí i níbi tí ebi ti ń pa á, níbi tó ti ń sunkún. Wọn kò sì fi ọlọ́run kejì kún Ọlọ́run. Wọ́n ṣì ń sọ pé ọ̀kan ni.

Kò sì pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, a sì rí i nínú wọn pé àwọn ìjọ ti ń kọrin sí i, wọ́n ti ń ṣe ìrìbọmi ní orúkọ rẹ̀. Nínú èyí tó kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì tí wọ́n ń sọ Gíríìkì, ó fi àdúrà kúkúrú kan sí i ní èdè Árámáíkì, èdè ilé Jésù fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi ń pe Olúwa pé kó máa bọ̀. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ti ní láti ti ẹnu àwọn tó kọ́kọ́ gbà gbọ́ nílẹ̀ Júù wá. Ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì ní Legon sọ fún mi pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Edinburgh, Larry Hurtado, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kó tó kú ní 2019. Ohun tó rí ni pé ìjọsìn yìí kò rá wá díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, láàárín àwọn Júù.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta nínú yín ló máa gbàdúrà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ mọ bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń hanrun. Jákọ́bù, ẹni tí ìwé pè ní arákùnrin Jésù, jọ gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Jòhánù kò fi bò pé àwọn arákùnrin rẹ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà tó wà láyé, Máàkù sì sọ pé àwọn ẹbí rẹ̀ jáde lọ láti mú un wálé nítorí wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn náà ni Jákọ́bù kan náà di olórí ìjọ ní Jerúsálẹ́mù. Ní nǹkan bí ọdún 62 wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa, Josephus tí kì í ṣe Kristẹni ló ròyìn rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Pọ́ọ̀lù, tó bá Jákọ́bù pàdé lójúkojú, ní Jésù fara hàn án lẹ́yìn ikú. Ẹ lè ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti sọ ohun mìíràn tó lè mú ọmọ ilé kan náà yí báyẹn.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù tún sọ pé obìnrin ló kọ́kọ́ rí ibojì rẹ̀ tó ṣófo. Josephus yìí náà kọ ọ́ pé a kì í gba ẹ̀rí obìnrin láàárín àwọn Júù. Celsus, ọ̀tá ìjọ kan ní ọ̀rúndún kejì, fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin tí orí rẹ̀ ti dàrú ló sọ ọ́. Ẹni tó bá ń hun irọ́, ẹlẹ́rìí tí ìlú máa gbà ni yóò wá. Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi àwọn obìnrin náà sílẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú Màríà Magidalénì níwájú.

Lórí ikú náà, ìdáhùn mẹ́ta ni ẹ óò gbọ́ ní Nima yìí. Àwọn áfáà wa ní wọn kò kàn án mọ́gi, ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn ni, Ọlọ́run gbé e lọ sókè. Àwọn Mùsùlùmí Ahmadiyya, tí oníwàásù wọn gúnlẹ̀ sí Saltpond ní 1921, ní wọ́n kàn án mọ́gi ṣùgbọ́n kò kú. Wọ́n ní wọ́n fi egbòogi tọ́jú rẹ̀, ó rìn dé Kashmir, ibojì rẹ̀ sì wà ní Srinagar. Àwa ní ó kú, ó sì jíǹde. Ní ti ikú, àwọn òpìtàn wà lẹ́yìn wa, títí kan àwọn tí kò gba ohunkóhun gbọ́. Tacitus ará Róòmù kọ ọ́ pé Pílátù ló pa á. Ní ti àjíǹde, òpìtàn kò lè dúró fún wa. Ó lè sọ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbà pé àwọn rí i, kò sì lè kọjá ibẹ̀.

Wàyí o, àwọn géńdé tó ń wo fídíò lórí fóònù máa ń wá sọ fún mi pé Késárì Constantine ló sọ Jésù di Ọlọ́run, ní ìpàdé Nicaea ní 325. Èyí ni n kì í jẹ́ kó kọjá, ẹnu yòówù kí ó ti jáde, ti Mùsùlùmí tàbí ti Kristẹni. Ní nǹkan bí 112, ó lé ní igba ọdún kí Nicaea tó dé, Pliny, gómìnà Róòmù ní ilẹ̀ tó di Turkey lónìí, mú àwọn Kristẹni, ó fìyà jẹ ẹrúbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ìránṣẹ́ nínú ìjọ kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Ìwà ọ̀daràn tó rí kọ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí Késárì Trajan ni pé wọ́n ń pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run. Ní 2005 náà, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń walẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Megiddo ní Ísírẹ́lì, ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ aláràbarà kan yọ jáde láti nǹkan bí ọdún 230. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akeptous fi tábìlì kan tọrẹ fún Ọlọ́run Jésù Kristi. Constantine kò tíì dé ayé nígbà náà.

Kí wá ni wọ́n ń jà lé lórí ní Nicaea? Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, gbà pé Ọmọ ti wà kí ayé tó wà, ṣùgbọ́n ó ní Ọlọ́run ló dá a, ìgbà kan sì wà tí kò sí. Àwọn tó kù ní rárá, ohun kan náà ni òun àti Baba. Kò sí ẹni tó dìde níbẹ̀ láti sọ pé wòlíì lásán ni. Ẹ tún wá gbọ́ ìyókù: Constantine kò ṣe ìrìbọmi títí ó fi wà lórí ibùsùn ikú ní 337, bíṣọ́ọ̀bù tó sì rì í bọmi, Eusebius ti Nicomedia, alátìlẹyìn Arius ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, Constantius, ń ti ẹgbẹ́ Arius lẹ́yìn. Athanasius, tó dúró ti ẹ̀kọ́ Nicaea, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé e kúrò nílùú. Bó bá jẹ́ pé ọba ló dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún àǹfààní ara rẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọba fi ń lé ẹni tó dì í mú?

Orin tí Pliny gbọ́ ìròyìn rẹ̀ yẹn dé Gánà náà. Ní Asempaneye ní agbègbè Kwahu, àgbẹ̀bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Afua Kuma. Kò kàwé. Bó bá dìde nínú ìsìn, á máa ki Jésù ní Twi pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ki àwọn ọba Akan àti ọdẹ inú igbó kìjikìji, débi pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1981. Kwame Bediako, ọmọ Gánà tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ nígbà kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yí padà nígbà tó ń kàwé ní Bordeaux ní 1970, ka oríkì obìnrin yìí kún ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run pátápátá. Ó yẹ kí èyí tètè yé Yorùbá. Akéwì tó ń ki ọba kì í kọ́kọ́ tò ẹ̀rí sílẹ̀ kó tó la ẹnu. Àwọn apẹja Gálílì pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ láti orí àlàyé. Wọ́n kúnlẹ̀ ná, àlàyé sì ń sáré tẹ̀lé wọn bọ̀ títí tó fi dé Nicaea.

Ó ku ẹnì kan tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, nítorí Yorùbá ni, nítorí ìlú ìyá yín àgbà sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kọjá ní Ìlọrin ní 1872. Ó dé iwájú Ẹ́míà, wọ́n sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Bíṣọ́ọ̀bù yìí kò bá wọn pariwo. Wọ́n béèrè, ó ṣí Ìwé Mímọ́ ní Yorùbá, ó ka ìdáhùn jáde, ó dákẹ́. Ibi tí ẹnu wọn ti kò ló ti bẹ̀rẹ̀: Jibrìlù tí àwa ń pè ní Gébúrẹ́lì, wúńdíá tó bímọ, wòlíì ńlá tí Ọlọ́run rán. Ó mọ ohun tó ń kó Mùsùlùmí nírìíra, pé kí ẹnì kan sọ pé Ọlọ́run bá obìnrin bímọ tàbí pé Màríà pẹ̀lú jẹ́ ọlọ́run, ó sì fẹ́ kí Kristẹni kọ́kọ́ fi hàn pé èyí kò sí nínú ohun tí a gbà gbọ́. Àwọn tó wà lórí gbohùngbohùn ní Accra lónìí ìbá ti kọ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ìbéèrè.

Ní ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀yin náà rántí ọjọ́ Àjíǹde ní 21 oṣù kẹrin ọdún 2019. Sheikh Osman Nuhu Sharubutu, Olórí Ìmáàmù gbogbo Gánà, tó ń pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ ilé ìsìn Kátólíìkì Christ the King tí kò jìnnà sí wa yìí, ó jókòó nínú ìsìn wọn. Ọjọ́ tí ìjọ ń sọ pé òkú jáde nínú ibojì gan-an ló yàn. Kò yí ohun tó gbà gbọ́ nípa Ísà padà, àwọn náà kò yí tiwọn padà fún un.

Bí ẹ bá ní kí n dájọ́, èmi tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí lọ́tùn-ún lósì láti kékeré, òkú tó jí kò lè là á, nítorí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín. Ti Lewis kò ká ọ̀nà kẹrin. Ti arọ Kápánáúmù lágbára, bí ènìyàn bá gbà pé Máàkù kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n pé àwọn Júù tó lè fi ọrùn wọn fún idà nítorí àwòrán ọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sí ọmọ Màríà, láàárín ogún ọdún, pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ níwájú wọn, n kò tíì gbọ́ àlàyé mìíràn tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ sí ìjọ. Ìyá yín àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Ó ní ẹnu máa ń ya òun náà, ó sì ń kírun rẹ̀ márààrún títí tó fi kú. Ẹ lọ bi Àlájà ohun tí òun náà rí sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá a lóhùn.